Ẹni Tó Ni Ọkọ̀ Ni Mo Wá Bá

Aago márùn-ún ààbọ̀ ti kọjá díẹ̀. Mo mọ àwọn tó máa ń tan rédíò ní irú àsìkò yìí. Ìyá alákàrà tó ń gbé epo kaná wà lára wọn, olùkọ́ tó ń lọ aṣọ iṣẹ́ wà lára wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀yin awakọ̀ lẹ pọ̀ jù: ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní gáréèjì Ìwó Róòdù tẹ́ ẹ ń dúró kí èrò pé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé tírélà dúró sí Ògèrè láti alẹ́ àná, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ gbé ọ̀gá dé Èkó kí ìpàdé aago mẹ́sàn-án tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ó lọ ire, ẹ ó bọ̀ ire. Èyí tó bá ti wà lórí eré nínú yín, kó má fọwọ́ kan rédíò mọ́. Bí ohùn mi ṣe mọ yẹn, kó jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Nípa yín ni ọ̀rọ̀ òwúrọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ẹ̀yin kọ́ ni mo fẹ́ bá wí. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń bá awakọ̀ wí lórí rédíò. Wọ́n á ní kó má sá eré àsápajúdé, kó má mutí, kó de bẹ́líìtì. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Àmọ́ ẹnì kan wà tí a kì í sábà pè sí ọ̀rọ̀ náà. Òun ló ni ọkọ̀, tàbí kí òun jẹ́ ẹni tí ọlọ́kọ̀ fi sípò. Òun ló fún awakọ̀ ní kọ́kọ́rọ́, òun ló sọ ibi tó máa lọ fún un, òun ló sọ aago tó gbọ́dọ̀ dé àti iye tó gbọ́dọ̀ mú wálé. Ẹni yẹn ni mo wá bá lálejò. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí èmi náà ti jẹ́ ẹni yẹn rí.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rédíò, ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ kan tó ń pín ọjà kiri ìlú. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Èmi ni mò ń pín ọkọ̀: ta ló ń lọ Àkúrẹ́, ta ló ń lọ Benin, ta ló ń lọ Ìlọrin, ìgbà wo ni yóò dé. Ọkọ̀ mẹ́rìnlá ló wà lábẹ́ mi. Pátákó funfun kan wà lára ògiri ọ́fíìsì mi tí mo máa ń kọ gbogbo rẹ̀ sí. Bí pátákó yẹn bá kún dẹ́múdẹ́mú, inú mi a dùn. Lójú mi nígbà náà, ọkọ̀ tó bá dúró sójú kan, owó ló ń ṣòfò.

Oṣù Kejìlá ọdún kan, ọjà pọ̀ débi pé a ò mọ èyí tá a máa kọ́kọ́ gbé. Àgbà ọkùnrin kan wà láàárín àwọn awakọ̀ wa tí gbogbo wa ń pè ní Ọ̀gá Dírẹ́bà, nítorí kò sí ẹni tó mọ ọkọ̀ wà tó o níbẹ̀. Ó ti Benin dé ní aago mọ́kànlá òru Ọjọ́rú. Mo ṣì wà ní ọ́fíìsì. Mo ti kọ orúkọ rẹ̀ sí Ìlọrin fún aago mẹ́rin ìdájí. Ó dúró níwájú pátákó, ó wò ó títí, ó ní, “Ọ̀gá mi, ṣé kò sí ẹlòmíì tó lè bá mi gbé èyí ni?” Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e. Tẹ́ ẹ bá ti ti ibẹ̀ dé, ẹ máa sinmi.” Ó ní kò burú. Ilé rẹ̀ jìn, kò lè lọ kó tún padà, inú ọkọ̀ ló sùn sí.

Aago mẹ́fà kọjá ní àárọ̀ ni fóònù mi dún. Nítòsí Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí ọ̀nà ti gún gbọọrọ, tí kò sí kòtò, tí kò sí ọkọ̀ kankan níwájú rẹ̀, ọkọ̀ wa ya kúrò lójú títì, ó lọ forí sọ igi. Kò sí àpá táyà lórí ọ̀dà tó fi hàn pé wọ́n tẹ bíréèkì. Ọ̀gá Dírẹ́bà lo oṣù mẹ́rin nílé ìwòsàn, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kò sì padà sí bó ṣe wà mọ́. Ọmọkùnrin tó jókòó tì í, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún tó ń bá wa já ẹrù, kú kó tó dé ilé ìwòsàn.

Iléeṣẹ́ ṣe ìwádìí. Ojú ìwé kan ṣoṣo ni ìwádìí náà. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé awakọ̀ ló sùn lọ, pé àìkíyèsára awakọ̀ ló fa ìjàǹbá. Èmi náà fọwọ́ sí i. Ó tó bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, mo mú àkísà, mo fẹ́ nu pátákó funfun yẹn fún oṣù tuntun, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ síwájú orúkọ ọkùnrin náà. Ọjọ́ Ajé, Àkúrẹ́, lílọ àti bíbọ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Èkó. Ọjọ́rú, Benin, lílọ àti bíbọ̀. Ọjọ́bọ̀, Ìlọrin, aago mẹ́rin ìdájí. Mo ṣírò wákàtí tí mo fi sílẹ̀ fún un láti sùn láti ọjọ́ Ajé. Ojú tì mí débi pé n kò lè sọ iye rẹ̀ létígbọ̀ọ́ yín. Bíréèkì ọkọ̀ yẹn dára. Táyà rẹ̀ dára. Awakọ̀ rẹ̀ kì í fẹnu kan ọtí. Orí pátákó mi ni ìjàǹbá Ògbómọ̀ṣọ́ ti bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta kó tó ṣẹlẹ̀.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá ìmọ̀ kiri nípa oorun, nítorí mo rí i pé n kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Mo rò pé akíkanjú ènìyàn lè bá oorun jà kó borí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ ti dán an wò: ẹni tó bá ti wà lójúfò fún wákàtí 17, ọpọlọ rẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀ á lọ́ra bíi ti ẹni tó ti mu ọtí débi tí òfin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fi máa ní kó má wakọ̀ mọ́. Ẹ bá mi rò ó. Ẹni tó jí ní aago márùn-ún ìdájí, tó di aago mẹ́wàá alẹ́ tó ṣì wà nídìí ọkọ̀, ó ti dé ibẹ̀. Kò mu nǹkan kan, àmọ́ ó ti yó. Tó bá fi di wákàtí 24, ó ti tó ìlọ́po méjì ìwọ̀n ọtí yẹn.

Oorun tó ń pa awakọ̀ kì í ṣe èyí tí ènìyàn máa ń hanrun sí. Kékeré ni. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, mẹ́rin. Nígbà míì ojú ẹni náà á là sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní rí nǹkan kan. Ọkọ̀ tó ń sá 100 kìlómítà ní wákàtí kan ń rin nǹkan bíi mítà 28 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin péré, ọkọ̀ ti kọjá mítà 110. Ó gùn ju pápá bọ́ọ̀lù lọ, kò sì sí ẹnikẹ́ni nídìí ọkọ̀ ní gbogbo ìgbà yẹn. Ara wa sì ní àkókò tirẹ̀ tó máa ń bèèrè oorun, bóyá a ṣiṣẹ́ ni o, bóyá a ò ṣe: láti bí aago méjì òru títí di aago márùn-ún, àti ní ọ̀sán láàárín aago méjì sí mẹ́rin. Àsìkò tí mo rán Ọ̀gá Dírẹ́bà jáde nìyẹn.

Mo mọ ohun tí àwọn awakọ̀ ń lò. Obì, orógbó, kọfí, fèrèsé tí wọ́n ṣí sílẹ̀ kí atẹ́gùn máa fẹ́ wọn lójú, orin tó ń dún gìrìgìrì. Obì àti kọfí lè sún oorun síwájú fún ìgbà díẹ̀. Wọn ò lè san gbèsè rẹ̀. Ti fèrèsé àti orin kò tilẹ̀ tó ìyẹn. Àwọn kan ti wá bọ́ sídìí paraga àti tramadol. Mo ti gbọ́ tí àwọn ọlọ́kọ̀ ń bú awakọ̀ tó ń lo tramadol pé kò ní láárí, pé ó ti ya ìpátá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi ara yín léèrè kí ló kọ́kọ́ gbé e débẹ̀. Nígbà tí ènìyàn bá ní láti wakọ̀ ju ibi tí ara rẹ̀ lè dé lọ, tí kò sì lè sọ pé òun ò lọ, ohun tó máa gbé mì nìyẹn. Ohun kan ṣoṣo tó ń wo oorun sàn ni kí ènìyàn sùn. Bó bá jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún ló rí, kó yà sí ibi tó láàbò, kó ti ilẹ̀kùn, kó sùn. Ó ń gba ẹ̀mí là. Ọlọ́kọ̀ tó bá wá bínú nítorí ìyẹn, kó rántí pé gàárì ló ń bínú lé lórí nígbà tí ẹṣin fẹ́ ṣubú.

Ẹ̀gbọ́n mi kan wà ní Houston tó ń wa tírélà kiri Amẹ́ríkà. Ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, bọ́ọ̀sì Ọ̀jọ́tà sí Oǹdó ló ń wà, mo sì mọ bó ṣe ń wà á: ó máa ń lọ, á bọ̀, á tún lọ lọ́jọ́ kan náà. Lọ́hùn-ún, òfin ní kò gbọ́dọ̀ wakọ̀ ju wákàtí 11 lọ, láàárín wákàtí 14 tó bá fi wà lẹ́nu iṣẹ́, àfi tó bá tún ti sinmi fún wákàtí mẹ́wàá gbáko. Láti oṣù Kejìlá 2017, ẹ̀rọ kan ló ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹnu kò lè yí i. Àwọn èèyàn wa tó ń wa ọkọ̀ ẹrù ní Britain náà ní tiwọn: wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ nídìí ọkọ̀, ìsinmi ìṣẹ́jú 45. Mo bi ẹ̀gbọ́n mi pé ṣé ọjọ́ orí ló jẹ́ kó fara balẹ̀ báyìí. Ó ní, “Àbúrò, kì í ṣe pé mo gbọ́n sí i. Ẹ̀rọ yẹn ni kì í jẹ́ kí ọ̀gá mi fi mí ṣe bó ṣe wù ú.” Ọkùnrin kan náà ni, ọwọ́ kan náà ló fi ń wa ọkọ̀. Ètò iṣẹ́ rẹ̀ ló yí padà.

Ẹ má jẹ́ ká sọ pé ilẹ̀ wa kò ní irú rẹ̀. Ilẹ̀ Yorùbá níbí gan-an ni wọ́n ti tan iná ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká ń kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀ nígbà tí ìjàǹbá ń pa akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀. Ní 1977, òun àti ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ìgbà náà dá Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀. Ní oṣù Kejì 1988 ni ìjọba àpapọ̀ dá ti gbogbo Nàìjíríà sílẹ̀, Ṣóyínká sì ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Lónìí, ètò àjọ yẹn ní kí iléeṣẹ́ tó bá ní ọkọ̀ márùn-ún sókè ní ẹ̀ka tó ń mójú tó ààbò ọkọ̀ àti awakọ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ mẹ́rìnlá la ní. Lórí ìwé, a ní ẹ̀ka ààbò. Orúkọ mi ló wà níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó bi mí rí pé kí ni mo ṣe nípa rẹ̀ lóṣù tó kọjá. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ṣe wà títí di òní, ó sì ń dùn mí. Ìwé tí wọ́n fi ń dá ẹ̀ṣọ́ lóhùn lójú ọ̀nà ni wọ́n sọ ọ́ dà.

Ẹ jẹ́ ká kúrò ní iléeṣẹ́, ká wá sí gáréèjì, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ yín wà. Mo fẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa owó ọlọ́kọ̀, èyí tí ẹ̀yin awakọ̀ dáńfó àti kẹ̀kẹ́ Márúwá ń pè ní dẹlífárì.

Awakọ̀ jáde ní aago márùn-ún. Ó ra epo. Láti ìparí oṣù Karùn-ún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, gbogbo wa la mọ ibi tí owó epo gbà lọ. Ó san owó gáréèjì, ó san ti ibùdókọ̀ yìí, ó san ti tọ̀hún. Ó fún kọ̀ńdọ́ ní tirẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, owó ọlọ́kọ̀ gbọ́dọ̀ pé, ì báà jẹ́ òjò ló rọ̀ látàárọ̀, ì báà jẹ́ pé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ló gbé e dúró fún wákàtí mẹ́ta. Ó lè di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kí owó ọlọ́kọ̀ tó pé. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀ sí í wá èyí tí ọmọ tirẹ̀ máa jẹ. Ó ti fi wákàtí mọ́kànlá ṣiṣẹ́, ara rẹ̀ ti kú, ilẹ̀ sì fẹ́ ṣú. Gbogbo bó ṣe ń já sẹ́yìn já síwájú, tó ń gba ojú ọ̀nà tí kì í ṣe tirẹ̀, tó ń já èrò sáàárín títì, owó ló ń lé. Kò dára, n kò sì gbè é lẹ́yìn, nítorí ẹ̀mí ọmọ ẹlòmíràn ló fi ń ṣeré. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni ọkọ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó sílé tẹ́ ẹ ní kí iye kan dé lójoojúmọ́ láìyẹ̀, ẹ̀yin náà wà nínú ọkọ̀ yẹn. Ẹsẹ̀ yín wà lórí ibi tí wọ́n fi ń tẹ eré.

Mo mọ̀ pé ẹ̀yin náà ní gbèsè. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló yá owó ra ọkọ̀ náà. Opó wà nínú yín tó jẹ́ pé ọkọ̀ yẹn ni ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀. N kò ní kẹ́ ẹ má gba owó yín. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni kẹ́ ẹ ṣírò rẹ̀ lọ́sẹ̀, ẹ má ṣírò rẹ̀ lójúmọ́. Ọjọ́ tí òjò bá ba iṣẹ́ jẹ́, ọjọ́ tí iṣẹ́ bá dùn yóò dí i. Ẹ fún un ní ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ tí kò ní mú nǹkan kan wá, kẹ́ ẹ sì ti mọ̀ pé kò ní mú un wá kẹ́ ẹ tó dá iye sílẹ̀. Mo mọ ìyá kan tó ní bọ́ọ̀sì méjì tó ń ṣe é báyìí. Ó sọ fún mi pé iye tí òun ń ná sí ọ̀dọ̀ panẹ́bítà ti dín kù gan-an.

Ẹ tún bá mi ṣírò ti eré. Òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tó bí 127 kìlómítà. Òfin ní kí bọ́ọ̀sì èrò má ju 90 lọ lórí márosẹ̀. Tírélà àti tánkà kò gbọ́dọ̀ ju 60 lọ. Ká ní ọ̀nà ṣófo, ẹni tó ń sá 90 máa dé láàárín bíi ìṣẹ́jú 85. Ẹni tó ń sá 120 máa dé láàárín bíi ìṣẹ́jú 64. Ìṣẹ́jú mọ́kànlélógún ló fi ṣáájú. Ó máa ná an tán ní Bẹ́gà, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, bẹ́ẹ̀ ibi tí ọkọ̀ rẹ̀ yóò nílò láti fi dúró lẹ́yìn tó bá tẹ bíréèkì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti ẹnì kejì. Láti oṣù Kẹwàá 2016 ni àwọn Ẹ̀ṣọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọkọ̀ èrò àti ọkọ̀ ẹrù tí kò ní ẹ̀rọ tó ń ká eré lọ́wọ́ kò. Ọlọ́kọ̀ ló ń sanwó ẹ̀rọ yẹn, ọlọ́kọ̀ kan náà ló sì máa ń sọ fún mẹkáníìkì pé kó bá òun já wáyà rẹ̀. Ẹ̀yin tọ́rọ̀ yìí bá, ẹ mọ ara yín.

Ti táyà kò ní pẹ́. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà, ẹ máa rí nọ́ńbà mẹ́rin nínú àmì roboto kan. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún. Bẹ́ ẹ bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Táyà tó bá ti gbó, ì báà máa dán bíi tuntun, ooru ojú ọ̀nà á fà á ya. Tókùnbọ̀ tí ẹ rà nítorí ó rọjú, ẹ wo nọ́ńbà rẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó. Àárọ̀, kí ọkọ̀ tó rìn, ni kí ẹ ní kí fọkanáísà wo afẹ́fẹ́ rẹ̀. Táyà tó ti gbóná máa ń purọ́.

Bíréèkì ló yẹ ká dúró lé. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà 2018, tánkà kan tó gbé epo bẹntiróòlù ṣubú lórí bíríìjì Ọ̀tẹ́dọlá, bí ènìyàn bá ń jáde kúrò l'Ékòó. Epo tú dànù, iná sọ. Ó lé ní àádọ́ta ọkọ̀ tó jóná, ènìyàn mẹ́sàn-án ni wọ́n kọ́kọ́ kà pé ó kú. Ìròyìn tó kọ́kọ́ jáde sọ pé bíréèkì ló kọ̀. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú tánkà yẹn, n kò sì ní dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ohun tí mo mọ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án tí mo fi bá ọkọ̀ ẹrù ṣe ni pé bíréèkì kì í sábà ṣàdédé kọ̀. Ó máa ń sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Á máa han, ẹsẹ̀ á máa wọlé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ọkọ̀ á máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Awakọ̀ á gbọ́. Á sọ fún ọ̀gá. Ọ̀gá á ní, “Jẹ́ ká ti ibí yìí dé ná.” Gbólóhùn yẹn ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú kúrò lẹ́nu yín láti òní lọ. Bí awakọ̀ yín bá sọ pé bíréèkì ń han, iṣẹ́ ti parí fún ọkọ̀ yẹn títí mẹkáníìkì fi máa fọwọ́ sí i.

Àwọn awakọ̀ wa máa ń ṣọpẹ́. Bí tírélà bá fẹ́ gbá wọn tó sì yẹ̀, wọ́n á ní ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kì í sọ ọ́ fún ọlọ́kọ̀, nítorí wọ́n mọ̀ pé èébú ló máa tẹ̀lé e, tàbí kí ó yọ owó nínú owó oṣù wọn. Báyìí ni kòtò kan náà, igun kan náà, wákàtí kan náà ṣe máa ń dúró de awakọ̀ mìíràn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́, mo ra ìwé àkọsílẹ̀ kan, mo so bírò mọ́ ọn, mo gbé e sẹ́nu ọ̀nà. Mo ní ẹnikẹ́ni tí nǹkan bá fẹ́ ṣe tí kò ṣe é, kó kọ ọ́ síbẹ̀. Kò sí ẹni tó máa bi í pé kí ló dé, a ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Oṣù àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó kọ nǹkan kan. Wọn ò gbà mí gbọ́, mi ò sì dá wọn lẹ́bi. Oṣù kejì, ẹnì kan kọ ọ́ pé òun sùn lọ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ nítòsí Iléṣà. Mo kí i kú iṣẹ́ lójú gbogbo wọn, mo sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lórí pátákó fún ọjọ́ méjì, pẹ̀lú owó rẹ̀ pé. Láti ọjọ́ yẹn ni ìwé náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í kún.

Mo tún fa ìlà kan sí pátákó funfun yẹn, mo kọ “oorun” sí orí rẹ̀. Mi ò ní kọ ibi tí ènìyàn ń lọ tí n kò bá tíì kọ wákàtí tó fi sùn sílé rẹ̀. Oníbàárà kan bínú nítorí ọjà rẹ̀ dé ní ọjọ́ kejì dípò òru, ó fi wá sílẹ̀. Ẹnì kan péré ni. Àwọn yòókù dúró.

Èyí tó kù ni ti fóònù. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé awakọ̀ tó ń lo fóònù nídìí ọkọ̀ súnmọ́ ìjàǹbá ní ìlọ́po mẹ́rin ju ẹni tí kò lò ó lọ. Okùn etí kò yí i padà púpọ̀, nítorí ọkàn ni kò sí lójú ọ̀nà. Ta ló wá máa ń pe awakọ̀ lójú ọ̀nà jù? Ìyàwó rẹ̀ kọ́ o. “O ti dé ibo? Kí ló ń dá ẹ dúró?” Ẹ̀yin ni. Awakọ̀ tí kò bá gbé ìpè ọ̀gá rẹ̀ mọ ohun tó máa gbọ́ tó bá délé, ló fi máa ń gbé e. Bákan náà ni pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi alùpùpù gbé oúnjẹ àti ẹrù kiri ìlú, tí ìpè ń wọlé fún láti ọwọ́ ẹni tó rà àti ẹni tó tà.

Mo lọ kí Ọ̀gá Dírẹ́bà nílé rẹ̀ ní ọdún tó kọjá. Ọ̀pá ló fi ń rìn. Ó ní kí wọ́n bu omi fún mi, a jókòó sábẹ́ igi máńgòrò. A kò tíì sọ̀rọ̀ òru yẹn rí láti ìgbà tó ṣẹlẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ dá a sílẹ̀. Ó ní kò sí ọjọ́ tí òun kì í rántí ọmọkùnrin yẹn, pé òun ì bá ti kọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, òun ì bá ti sọ fún mi pé òun ò lọ. Mo ní, “Rárá, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ò lè kọ̀. Ẹ bi mí bóyá ẹlòmíì wà. Bí ẹ ṣe lè kọ̀ mọ nìyẹn, mi ò sì gbọ́.” Kò fèsì. Ó kàn di ọwọ́ mi mú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní awakọ̀, ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Bí awakọ̀ bá bi yín bóyá ẹlòmíì wà, ẹ gbọ́ ohun tó ń sọ.

Aago mẹ́fà ti fẹ́ lù, ìròyìn ló kàn. Nọ́ńbà àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ni 122, kò gba owó. Ẹ kọ ọ́ sínú gbogbo ọkọ̀ yín, níbi tí èrò lè rí i. Bí ẹ bá sì ní ẹnì kan lójú ọ̀nà ní àárọ̀ yìí, tí ọwọ́ yín ti wà lórí fóònù láti bi í ibi tó dé, ẹ gbé e sílẹ̀. Tó bá dé, á pè yín.